Victor Bánjọ: Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ológun Tí Ogun Gbé Mì

Tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road n'Ìbàdàn, tẹ́ ẹ forí lé ọ̀nà Ìwó, ẹ máa kọjá Olódó, ẹ ó sì dé Lálúpọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Oko ẹ̀gẹ́, igi ọ̀pẹ àti ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn. Lágbègbè Lálúpọn yìí làwọn sójà tó fipá gbàjọba ti pa Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba Nàìjíríà, àti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, lọ́jọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1966. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ìtàn yẹn. Àlejò Fájuyì ni Ironsi, wọ́n sì jọ mú àwọn méjèèjì nílé ìjọba n'Ìbàdàn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ yín ò tíì gbọ́ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n pa Ironsi, ọmọ Yorùbá kan wà ní àtìmọ́lé. Ó ti lé lóṣù mẹ́fà tí wọ́n ti tì í mọ́lé, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn án ni pé ó fẹ́ pa Ironsi yìí kan náà. Wọn ò gbé e lọ sílé ẹjọ́ rárá. Orúkọ ẹ̀ ni Lieutenant-Colonel Victor Adébùkúnọlá Bánjọ. Ẹnjiníà ni. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń tún ọkọ̀, ìbọn àti ẹ̀rọ ṣe nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gba díplómà ní poli, mi ò níṣẹ́ fún bí ọdún méjì. Mo máa ń tẹ̀ lé àbúrò bàbá mi lọ sóko, ní abúlé kan tẹ́ ẹ ó kọjá Lálúpọn kẹ́ ẹ tó dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì lè ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kó má kú. Bàbá arúgbó kan ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá, àpò irinṣẹ́ ẹ̀ á wà lẹ́yìn. Bàbá yìí kì í kánjú. Àwọn mẹkáníìkì tá a mọ̀, bí wọ́n bá ti dé báyìí, wọ́n ti ń tú bóòtù. Bàbá ò ní tú nǹkan kan. Á ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bó bá ti lè ṣe é mọ, á fi ẹnu tọnafísì kan ara ẹ́ńjìnnì, á wá fi etí ẹ̀ ti ìdí tọnafísì yẹn, á dijú. Ó ń gbọ́ ibi tí àìsàn wà nìyẹn.

Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní iṣẹ́ sójà ni. Ìgbà ogun abẹ́lé ni wọ́n wọṣẹ́ náà, ẹ̀ka àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n sì kó wọn sí. Wọ́n wá sọ fún mi pé ọmọ Yorùbá lẹ́ni dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ẹ̀ka náà, àmọ́ nígbà táwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹ̀ sókè. Àwọn fúnra wọn ò rí i rí. Kó tó di pé wọ́n wọṣẹ́, wọ́n ti yìnbọn pa á. Èmi tí mo pera mi ní akọ̀ròyìn, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ojú tì mí díẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 1930 ni wọ́n bí Victor Bánjọ. Ilé tí wọ́n ti fọwọ́ pàtàkì mú ìwé ló ti wá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwùn Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa iṣẹ́ ilé ìkàwé. Ọdún 1953 ni Victor wọṣẹ́ ológun. Ẹ má gbàgbé pé àwọn òyìnbó ló ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà yẹn, ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọ̀hún, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá. Ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá ní ó fẹ́ ṣe sójà, àwọn òbí ẹ̀ á máa sunkún ni, torí lójú àwọn èèyàn, iṣẹ́ ẹni tí ò ríṣẹ́ ṣe ni. Bánjọ wọ̀ ọ́ ṣá. Wọ́n rán an lọ sí Sandhurst, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun lẹni kẹrìndínlógún tí wọ́n fi oyè ọ̀gá ológun dá lọ́lá nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, nọ́ńbà ẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ ológun sì ni NA 16. Kò wá dúró síbẹ̀ o. Ó tún kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Èyí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gba ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ́ sójú ogun. Ibẹ̀ lọ̀gá ti ń tètè lókìkí. Ẹni tó ń tún gíá ọkọ̀ ṣe kì í lókìkí. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹgbẹ́rún sójà tó wà lójú ọ̀nà, tí ọkọ̀ wọn kú sínú ẹrẹ̀, tí rédíò wọn ò gbé ohùn, tí ìbọn ńlá wọn há, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?

Ogun Àgbáyé Kejì ló kọ́ àwọn òyìnbó ní ẹ̀kọ́ yìí. Kó tó dìgbà yẹn, oríṣiríṣi ẹ̀ka ló ń tún ẹ̀rọ ara wọn ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ń dìjú, irinṣẹ́ ń ṣòfò. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní REME. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tún ohun gbogbo tó ní bóòtù àti wáyà ṣe. Ogun yẹn kan náà ló gbé àwọn bàbá wa lọ sí Boma, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin. Bárékè Letmauk tó wà ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, orúkọ ibì kan tí wọ́n ti jà ní Boma ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá tí orúkọ yẹn ń jọ yín lójú, ibi tó ti wá nìyẹn.

Nígbà tí Nàìjíríà ń dá tiẹ̀ sílẹ̀, àpẹẹrẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la wò. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí rèé. Ohun kékeré, bíi kéèyàn pààrọ̀ táyà, pílọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì, kó tún wáyà so, awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun gan-an ló ń ṣe é níbi tí wọ́n bá wà. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, ṣọ́ọ̀bù kan á wà lẹ́yìn wọn díẹ̀, tí wọ́n lè kó ká bí ogun bá ṣí. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fẹ́ tú palẹ̀ pátápátá, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà nínú bárékè. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n lọ wọ́ ọkọ̀ tó kú sójú ìjà wálé. Iṣẹ́ yìí léwu gan-an, torí ọ̀tá mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀ wá gbé e. Nínú gbogbo èyí, òfin kan ló borí: má ṣe tú ohun tí o ò ní láti tú. Bàbá tó ń gbọ́ ẹ̀rọ lọ́lẹ ní Lágelú, òfin yẹn ló ń tẹ̀ lé.

Àwọn èèyàn máa ń da ẹ̀ka yìí pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹnjiníà ológun. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn ẹnjiníà ló ń kọ́ afárá, tí wọ́n ń la ọ̀nà, tí wọ́n ń ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń hú tọ̀tá. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tí gbogbo yín mọ̀, tẹnjiníà yìí ni tiẹ̀. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ ẹnjiníà ológun ní Kàdúná láàárín àwọn ọdún 1960. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá pàdé Bánjọ níwájú.

Lẹ́yìn òmìnira 1960, kíákíá làwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ onílẹ̀. Nàìjíríà kó sójà lọ sí Congo lábẹ́ àsíá Ajọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1960 títí di 1964. Ní 1965, Ironsi gba ipò ọ̀gá pátápátá lọ́wọ́ òyìnbó tó ń jẹ́ Welby-Everard. Bánjọ sì di ọ̀gá àgbà fún ẹ̀ka iná àti ẹ̀rọ. Mo gbà pé iṣẹ́ yẹn le ju bó ṣe ń dún létí lọ. Land Rover, lọ́rí Bedford, ọkọ̀ ogun Ferret, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ti wá, ibẹ̀ náà ni sípéèpáátì ti ń wá. Òyìnbó tó mọ ibi tí nǹkan wà ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni wọ́n máa fi rọ́pò. Ẹni tí ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógójì ló wà nídìí gbogbo ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni 1966 dé.

Lóru ọjọ́ 15, oṣù kìíní, Nzeogwu àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pa Balewa, Sardauna, Akíntọ́lá àtàwọn míì. Bánjọ ò sí nínú wọn. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀ pé ó bá wọn gbèrò. Lọ́jọ́ 17, wọ́n mú un ní ọ́fíìsì Ironsi n'Ékòó. Wọ́n ní ó gbé ìbọn ìléwọ́ wá, wọ́n ní ó fẹ́ pa ọ̀gá. Ẹ gbọ́, ọ̀sẹ̀ tí sójà ń pa sójà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀gá ológun wo ló máa jáde nílé láìmú ìbọn dání? Èrò tèmi nìyẹn o. Àwọn tó mú un ò rò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó dìtẹ̀ ní ti gidi, wọ́n sì fi wọ́n sínú ẹ̀wọ̀n káàkiri, ọ̀pọ̀ wọn ní ìhà Ìlà-Oòrùn. Láti inú ẹ̀wọ̀n ló ti ń kọ lẹ́tà sí Táíwò ìyàwó ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kéré nígbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n pa Ironsi ní Lálúpọn, ẹ ó rò pé ẹni tí wọ́n tìtorí Ironsi tì mọ́lé á wá jáde. Rárá. Orílẹ̀-èdè ti fọ́ sí méjì. Gowon ló wà l'Ékòó, Ojukwu ló wà ní Ìlà-Oòrùn, abẹ́ Ojukwu sì ni ẹ̀wọ̀n tí Bánjọ wà bọ́ sí. Ojukwu ló tú u sílẹ̀ ní 1967. Ojúlùmọ̀ ara wọn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú iṣẹ́. Bánjọ ò padà wálé mọ́.

Ìbéèrè tó ń da àwọn èèyàn láàmú títí dòní nìyí: kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú ogun Biafra? Ohun tó hàn nínú ọ̀rọ̀ àti ìṣe ẹ̀ ni pé kò fara mọ́ kí Nàìjíríà pín. Kò sì fara mọ́ ìjọba Gowon, torí lójú tiẹ̀, orí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀gá tí wọ́n pa ní oṣù keje ló jókòó lé. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà kẹta: kí wọ́n lé ìjọba Èkó kúrò, kí Nàìjíríà wà lódidi, kí Ìlà-Oòrùn padà sínú ẹ̀. Wọlé Ṣóyínká náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lọ sí Enugu ní 1967 láti lọ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti rí Bánjọ. Ojukwu ní tiẹ̀ ti kéde Biafra lọ́jọ́ 30, oṣù karùn-ún. Ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 6, oṣù keje. Ọkùnrin méjì tí èrò wọn ò dọ́gba ló wá jọ ń lo ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà. Kò lè dáa.

Lọ́jọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1967, kílẹ̀ tó mọ́, Bánjọ kó àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá odò Ọya ní Onitsha bọ́ sí Asaba. Afárá yẹn ò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ṣí i. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ni wọ́n, nínú ọkọ̀ bí ọgọ́rùn-ún. Ẹ má rò pé ọkọ̀ ogun ni o. Lọ́rí akẹ́rù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó màlúù, bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni, ohunkóhun tó bá ti lè rìn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ tọ́jú ọkọ̀ ológun ló ń fi ọkọ̀ elẹ́rù jagun yìí. Kó tó di pé ọjọ́ yẹn kanrí, wọ́n ti wọ Benin. Láàárín wákàtí bíi méjìlá, gbogbo ìpínlẹ̀ Mid-West ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìbọn tó sì dún ò tó nǹkan, torí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ológun tó wà níbẹ̀ ò ṣe tán láti bá wọn jà. Gómìnà Ejoor sá àsálà.

Ojú ọ̀nà Èkó ti là sílẹ̀. Láti Benin sí Ore, láti Ore sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọ. Bánjọ wá dúró.

Ìdúró yìí ni gbogbo àríyànjiyàn wà lé lórí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló lò ní Benin. Ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé ẹgbẹ́ olùgbanisílẹ̀ làwọn, pé àwọn ò wá gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni fún Biafra. Òun àti Ojukwu ń jà lórí ẹni tó máa ṣe gómìnà Mid-West. Àwọn Ìgbò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni, kó lè ta wọ́n. Àwọn kan nílé wa sọ pé ṣe ló ń dúró de Yorùbá kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Èrò tèmi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti jókòó ti bàbá mẹkáníìkì yẹn fún ọdún méjì, ni pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wà ńbẹ̀. Lọ́rí ọjà tí wọ́n fi gbogbo òru sá láti Onitsha dé Benin, kò sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn wọn, kò sí sípéèpáátì, epo ń tán. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ yẹn tinútinú lè wo àwọn ọkọ̀ ẹ̀ kó mọ̀ pé wọn ò lè gbé òun d'Ékòó. Àmọ́ mi ò ní fi ìyẹn bo ọ̀rọ̀ òṣèlú mọ́lẹ̀. Ó ń dúró de Ìbàdàn lóòótọ́.

Ta ló wà n'Ìbàdàn? Ọbásanjọ́. Òun ni ọ̀gá àwọn sójà tó wà níbẹ̀ lásìkò yẹn. Ṣóyínká ló gbé iṣẹ́ Bánjọ wá bá a, pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òun gba Ìwọ̀-Oòrùn kọjá lọ s'Ékòó. Ọbásanjọ́ ò gbà, ìjọba àpapọ̀ ló dúró tì. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ lẹ́yìn náà nípa ìpàdé yẹn ò bára mu délẹ̀, àmọ́ ibi tó já sí ò fara sin: ìjọba Gowon mú Ṣóyínká, ó sì wà látìmọ́lé títí di oṣù kẹwàá, ọdún 1969, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n tì mọ́nú yàrá. Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹnjiníà kan ní Benin, ẹnjiníà mìíràn n'Ìbàdàn, Yorùbá làwọn méjèèjì. Ká ní Ọbásanjọ́ gbà ni, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀nà Ìfẹ̀ ni wọn ì bá gbà wọlé, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni ìbọn ì bá sì kọ́kọ́ dún. Àwọn àgbà abúlé tó wà lóko nígbà yẹn sọ fún mi pé rédíò làwọn fetí sí lọ́sàn-án lóru, pé àwọn kan tiẹ̀ ti di ẹrù sílẹ̀.

Gowon lo àsìkò tí Bánjọ fi dúró yẹn dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọlọ́pàá, ó ti di ogun pátápátá. Kíákíá ni wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun jọ, Division Kejì, wọ́n fi Murtala Mohammed ṣe ọ̀gá wọn. Àwọn Biafra rìn dé Ore, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba. Ìjà yẹn le débi pé títí dòní, tí nǹkan bá le koko, Yorùbá ṣì máa ń fi ìjà Ore ṣàpèjúwe ẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ti sọ ọ́ rí láìmọ ibi tó ti wá. Wọ́n tì wọ́n padà láti Ore. Lọ́jọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, Benin padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Division Kejì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti lé Bánjọ yẹn, ó ṣì wà. Olú iléeṣẹ́ wọn ló wà ní bárékè Òdogbo ní Ojóò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, orúkọ Fájuyì sì ni wọ́n fi pe ibẹ̀.

Bánjọ ti padà sí Enugu kí Benin tó bọ́. Wọ́n mú òun, Emmanuel Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam. Ifeajuna yìí, òun ló fò sókè jù nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Vancouver ní 1954, ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba góòlù níbẹ̀. Ó sì wà lára àwọn tó fipá gbàjọba ní oṣù kìíní 1966. Ẹ̀sùn tí Ojukwu fi kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni pé wọ́n fẹ́ gbàjọba lọ́wọ́ òun, kí wọ́n sì fi Biafra lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ kan gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n ní wọ́n jẹ̀bi. Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1967 ni wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní gbangba ní Enugu. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Bánjọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé tí Enugu fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba.

Bó ṣe di ọ̀dàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ ní ó bá Biafra wọlé wá. Biafra ní ó fẹ́ ta àwọn. Ìwọ̀-Oòrùn tó ń retí ò dá a lóhùn. Èmi ò ní sọ fún yín pé kò jẹ̀bi ohunkóhun, torí àwọn ọmọ ogun tó kó wọ Mid-West ló mú kí ogun dé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ padà gba ibẹ̀, àwọn ará Asaba tí wọ́n pa ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọn ò gbé ìbọn. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí ogun yẹn parí kíákíá ló jọ lójú mi, kò sì parí. Ọgbọ̀n oṣù ló gbà. Àárín ogun yẹn làwọn àgbẹ̀ Akánran, Ẹgbẹ́dá àti Lálúpọn dìde nítorí owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí Tàfá Adéoyè kó àwọn Àgbẹ́kọ̀yà lẹ́yìn, tí wọ́n sì já ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969. Ogun ń gba owó, abúlé ló ń mú un wá.

Fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, ẹbí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ síta. Ọdún 2001 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnṣẹ̀yẹ gbé ìwé jáde nípa àbúrò ẹ̀, tó sì kó àwọn lẹ́tà tó kọ sí Táíwò láti inú ẹ̀wọ̀n sínú ẹ̀. Mo ka ìwé yẹn lẹ́yìn tí bàbá mẹkáníìkì wa ti kú. Ó dùn mí pé wọn ò rí i kà. Sípánà wọn, ọmọ ọmọ wọn kan ló ń lò ó ní Mọ́níyà báyìí, jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe.

Afárá tí Bánjọ gbà kọjá ńkọ́? Àwọn Biafra fúnra wọn ló ba apá kan ẹ̀ jẹ́ nígbà tí Murtala ń bọ̀, kó má baà rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ogun. Ní gáréèjì Ìwó Road, lójoojúmọ́, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pe èrò Benin, Asaba, Onitsha. Bọ́ọ̀sì yẹn máa ń dúró ní Ore, kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo jẹ iyán àti ẹran ìgbẹ́. Mo bi obìnrin tó ń ta oúnjẹ léèrè bóyá wọ́n gbọ́ nípa Bánjọ rí. Wọ́n ní ṣé awakọ̀ ni, pé bọ́ọ̀sì wo ló ń wà.